Darmok àti Jalad ní Tanagra: àlàyé fún ẹni tó wo apá Star Trek yìí tí kò yé e

Ilẹ̀ ti ṣú lórí ayé kan tí wọ́n ń pè ní El-Adrel. Ọkùnrin méjì wà níbẹ̀, wọn ò jìnnà síra wọn. Iná ti ẹnì kan ń jó dáadáa, ti ẹnì kejì kọ̀, kò ràn. Òtútù ń pa ẹni tí iná rẹ̀ ò ràn. Ẹni tó níná wò ó títí, ó fa igi kan tí iná ń jó lórí rẹ̀ yọ, ó jù ú sí i, ó ní, “Temba.” Ẹni tó ń gbọ̀n ò mọ ohun tó ń jẹ́ Temba. Ẹni tó níná tún un sọ: “Temba, ó na apá méjèèjì.”

Èmi àti ìyá mi la jọ wò ó lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Gẹ̀ẹ́sì màmá mi ò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀, mo sì ti ń múra láti máa túmọ̀ fún wọn. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ní, “Ó ní kó máa mú un. Ẹni tó bá na apá méjèèjì, ṣebí ẹni tó fẹ́ fúnni ní nǹkan ni.” Ìgbà kẹta tí mo máa wo eré náà nìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́, ńṣe ni mo pa á kí ó tó dé ìdajì, nítorí mo rò pé orúkọ lásán ni wọ́n ń kà síra wọn létí. Mo mọ ọ̀pọ̀ èèyàn tó ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Torí àwọn ni mo ṣe ń kọ àlàyé yìí.

“Darmok” ni orúkọ apá náà. Ó wà nínú Star Trek: The Next Generation, eré tẹlifíṣàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe láti ọdún 1987 títí di 1994, tí apá rẹ̀ jẹ́ 178. Apá kejì nínú ọdún karùn-ún eré náà ni, ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1991 ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́. Joe Menosky ló kọ ọ́, òun àti Philip LaZebnik ni wọ́n jọ ro ìtàn rẹ̀, Winrich Kolbe sì darí rẹ̀. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Gene Roddenberry, ẹni tó dá Star Trek sílẹ̀ láti ọdún 1966, fi jáde láyé.

Fún ẹni tí kò wò ó rí: ọ̀rúndún kẹrìnlélógún ni wọ́n fi eré náà sí. Ọkọ̀ òfuurufú ńlá kan wà tó ń jẹ́ Enterprise, Jean-Luc Picard ni ọ̀gá rẹ̀, Patrick Stewart ló sì ṣe Picard. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa lọ bá àwọn ẹ̀dá tó wà ní àwọn ayé mìíràn, kí wọ́n mọ̀ wọ́n, kí wọ́n bá wọn dọ́rẹ̀ẹ́ bó bá ṣeé ṣe. Nínú apá yìí, àwọn ará Tama ni wọ́n lọ bá. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ìgbà méje ni ọkọ̀ àwọn ènìyàn ti bá tiwọn pàdé, kò sí ìgbà kankan tí wọ́n gbọ́ra wọn yé. Wọn ò jà, wọn ò ṣọ̀tá. Wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò wọlé, oníkálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ibí yìí ni ìdàrúdàpọ̀ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Star Trek mọ̀ pé wọ́n ní ẹ̀rọ ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ èdè gbogbo. Ẹ̀dá tí wọn ò rí rí lè ya ẹnu, kí Picard gbọ́ ọ bí ẹni pé ọmọ ilé kan náà ni wọ́n. Kí ló wá ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún lọ́jọ́ yìí?

Kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ tẹ́tí sí ohun tó ń jáde lẹ́nu àwọn ará Tama dáadáa. “Shaka, nígbà tí ògiri wó.” Èwo ni ẹ̀rọ ò túmọ̀ níbẹ̀? “Nígbà tí” yé wa. “Ògiri” yé wa. “Wó” yé wa. “Odò Temarc nígbà òtútù”, “Kiteo, ojú rẹ̀ ní dídì”, “Mirab, ó ta ìgbòkun”: gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló túmọ̀ pátápátá. Ohun tó ṣẹ́ kù ni orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìlú, orúkọ kì í sì í wí nǹkan kan fún ẹni tí kò mọ onítọ̀hún. Ẹ̀rọ náà ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán. Ìtàn tó wà lẹ́yìn orúkọ ni kò lè fà wá, nítorí kò sí nínú gbólóhùn. Inú àwọn tó ń sọ ọ́ ló wà.

Ọmọ Yorùbá kò yẹ kó jìyà púpọ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àjèjì kan kọ́ Yorùbá nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ó wá jókòó sí ibi tí àgbàlagbà kan ti ń bá ọ̀gá kan tó ń ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lára wí. Àgbàlagbà náà wò ó lójú, ó ní, “Rántí ikú Gáà.” Ó parí. Ọ̀gá náà tẹ orí ba. Àjèjì wa mọ “rántí”, ó mọ “ikú”, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó mú kí ọkùnrin tó tóbi tó báyìí tẹ orí ba. Kò mọ̀ pé Gáà ni Baṣọ̀run Ọ̀yọ́ tó gba agbára lọ́wọ́ ọba, tó mú kí Aláàfin mélòó kan kú, kí Aláàfin Abíọ́dún tó rí i mú ní ọdún 1774, tó sì fi ikú oró pa á. Kò mọ̀ pé òwe kan wà tó ní bí o bá láyà kí o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni àgbàlagbà sọ, ìtàn ìjọba kan ló sì gbé lé ọkùnrin yẹn lórí.

Abíọ́dún kan náà yìí tún wà nínú òmíràn: láyé Abíọ́dún la fi igbá wọnwó, láyé Awólẹ̀ la di àdìkálẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè sọ fún ẹnìkejì pé “ilé yín ti di ayé Abíọ́dún”, kí ó yé onítọ̀hún pé owó ti dé. Bí a bá sì pe ẹni tó háwọ́ ní ahun, orúkọ kan náà tí à ń pe Ìjàpá ni. A ti ń sọ èdè àwọn ará Tama díẹ̀díẹ̀ tipẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwa lè fi í sílẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́, ká sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ gbọọrọ. Tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ní.

Nínú ọkọ̀ Enterprise, àwọn méjì ló jókòó ti ìṣòro yìí: Data, tí ó jẹ́ ẹ̀rọ tó dà bí ènìyàn, àti Deanna Troi, olùdámọ̀ràn ọkọ̀. Wọ́n wá “Darmok” àti “Tanagra” nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n rí i pé ayé kan wà, Shantil III, tí Darmok jẹ́ ọdẹ inú ìtàn ìwáṣẹ̀ wọn, tí Tanagra sì jẹ́ erékùṣù ńlá níbẹ̀. Inú ẹni máa dùn pé wọ́n ti rí i. Wọn ò tíì rí nǹkan kan. Wọ́n mọ ẹni tí Darmok jẹ́, wọn ò mọ ohun tó ṣe. Troi ló fi ọ̀ràn Juliet ṣàpèjúwe: ẹni tó bá sọ pé “Juliet ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀” ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ṣùgbọ́n bí o kò bá mọ Juliet, obìnrin kan tó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni o máa rí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àpèjúwe náà dára, ọ̀pọ̀ èèyàn sì dúró síbẹ̀. Èmi rò pé ìdajì ni. Troi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwòrán ni àwọn ará Tama fi ń sọ̀rọ̀. “Rántí ikú Gáà” kì í ṣe àwòrán. Ó ń sọ ohun tí o gbọ́dọ̀ ṣe fún ọ. Bí Dathon, ọ̀gá ọkọ̀ àwọn ará Tama, bá sọ pé “Darmok àti Jalad ní Tanagra”, kò ya àwòrán ọ̀rẹ́ méjì sí Picard níwájú kó lè máa wò ó. Ó ń pè é ni. Ó ń ní: jẹ́ ká lọ ṣe bí àwọn yẹn ti ṣe. Bí ẹ bá di èyí mú, gbogbo ohun tó kù nínú eré náà á tú fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé kí ló dé tí Dathon fi jí Picard gbé. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lórí awò, ojú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ríra wọn, oníkálukú nínú ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò wọ̀. Igbákejì Dathon ń bá a jiyàn, ó hàn pé ohun tí Dathon fẹ́ ṣe ń bà á lẹ́rù. Dathon ní, “Odò Temarc! Nígbà òtútù!” Ní ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú gan-an, odò á dì, omi ò ní ṣàn mọ́, ariwo rẹ̀ á dákẹ́. Dákẹ́ ló ń sọ fún un. Lẹ́yìn náà, àfi bí ẹni lo egbé, Picard àti Dathon kúrò nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n bá ara wọn lórí ilẹ̀ El-Adrel. Àwọn ará Tama fi agbára kan bo ojú ọ̀run ayé náà, tí Enterprise ò fi lè fa Picard padà, wọn ò sì lè bá a sọ̀rọ̀. Dathon mú ọ̀bẹ ìjà méjì dání, ó ju ọ̀kan sí Picard.

Ẹ fi ara yín sí ipò Picard. Àjèjì jí ọ gbé, ó sì fún ọ ní ọ̀bẹ. Ìjà ni o máa rò, ohun tí Picard náà sì rò nìyẹn. Ó kọ̀, ó ju ọ̀bẹ náà padà. Nínú ọkọ̀, Worf, jagunjagun wọn, ń wí bákan náà pé bóyá wọ́n fẹ́ kí akọni méjì bá ara wọn jà ni. Gbogbo wọn ṣì í. Bí Dathon bá fẹ́ pa á, ṣé ó máa fún un lọ́bẹ ni? Ọ̀bẹ méjì ló mú dání nítorí pé ènìyàn méjì ló wà nínú ìtàn Darmok, ẹranko kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ máa kojú.

Èyí ni ìtàn náà, bí Dathon ṣe sọ ọ́ nígbà tó yá, ní gígé kékeré kékeré: Darmok lórí òkun. Tanagra lórí òkun. Darmok ní Tanagra. Jalad lórí òkun. Jalad ní Tanagra. Ẹranko tó wà ní Tanagra. Darmok àti Jalad ní Tanagra. Darmok àti Jalad lórí òkun. Ẹ tún un kà kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ọkùnrin kan dá wá sí erékùṣù kan lórí omi, òun nìkan. Òmíràn náà dá wá, òun nìkan. Ewu kan wà níbẹ̀ tí apá ẹnì kan ò lè ká. Wọ́n jọ kojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa kúrò, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ “ọ̀rẹ́” nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ni.

Dathon mọ̀ pé òun ò lè sọ ìtàn yìí fún Picard kí ó yé e, nítorí kò sí ìtàn kan tí òun àti Picard jọ mọ̀ tó lè fi gbé e kalẹ̀. Ohun kan ló kù tó lè ṣe: kí àwọn méjèèjì jọ la ìtàn kan kọjá fúnra wọn, kó lè jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ìtàn kan á wà láàárín ẹ̀yà méjèèjì tí wọ́n lè dárúkọ rẹ̀. Ó wá ayé tí ẹranko burúkú wà, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀. Ọgbọ́n àtọkànwá nìyẹn. Ìgbà tí ó yé mi ni ìfẹ́ tí mo ní sí eré yìí bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Shaka ló ṣílẹ̀kùn fún Picard. (Shaka yìí kì í ṣe ọba àwọn Zulu o, eré náà ò so wọ́n pọ̀. Tanagra náà, ìlú kan wà ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti Darmok kọ́ nìyẹn.) Lálẹ́ tí Picard ń gbìyànjú láti dáná tí kò ràn, Dathon ti sọ ọ́: “Shaka, nígbà tí ògiri wó.” Lówùúrọ̀, tí ẹranko náà ń bọ̀, tí Picard ò gbọ́ ohun tó ń wí, ó tún sọ ọ́. Picard dúró. Ó rántí iná. Ìgbà méjèèjì, ohun kan kọ̀ láti ṣeé ṣe. Ó yé e pé Shaka ni wọ́n fi ń pe ìjákulẹ̀, àti pé bí gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ṣe rí nìyẹn, àpẹẹrẹ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ojú ẹsẹ̀ ni Dathon kígbe pẹ̀lú ayọ̀: “Sokath, ìbòjú kúrò lójú rẹ̀!” Àwa náà ní ọ̀làjú. A mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ̀kọ́ náà wúlò lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹranko ọ̀hún ti dé, kò sì ṣeé rí dáadáa. Ó ń hàn, ó ń pòórá. Dathon ní, “Uzani, àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ìkúùkù ní ṣíṣí.” Ṣíṣí: kí ọmọ ogun fọ́n ká, kí ọ̀tá rí àyè wọlé. “Ìkúùkù ní dídì”: kí wọ́n pa dé mọ́ ọn. Ọgbọ́n ogun ni, odindi, nínú ọ̀rọ̀ tí kò tó ìlà kan. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé àwòrán Troi ò tó.

Ibẹ̀ ni ohun tó dùn mí jù ti ṣẹlẹ̀. Riker, igbákejì Picard, ò mọ ohun tó ń lọ nísàlẹ̀. Ó rí àyè díẹ̀ láti fa ọ̀gá rẹ̀ padà, ó fà á. Ẹ̀rọ náà mú Picard tán, kò lè gbé e lọ, kò sì fi í sílẹ̀. Ara rẹ̀ dúró láàárín méjì, ó ń kígbe pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀, ó sì ń wo ẹranko náà bó ṣe ń lu Dathon tó dá dúró. Ìgbà tí wọ́n fi jọ̀wọ́ rẹ̀, Dathon ti gba ọgbẹ́ ikú. Riker ò ṣe ibi. Ohun tó yẹ kí igbákejì ṣe ló ṣe. Ṣùgbọ́n Darmok ò lè ṣẹ́gun láìsí Jalad, ìṣẹ́jú tí wọ́n sì fa Jalad kúrò ni Darmok ṣubú.

Alẹ́ ọjọ́ náà, Dathon dùbúlẹ̀, iná wà láàárín wọn. Ó ti sọ ìtàn tirẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ ṣe àmì sí Picard pé òun náà fẹ́ gbọ́ ọ̀kan. Picard ronú, ó mú ìtàn Gilgamesh, ọba Uruk, ìlú kan ní ilẹ̀ Ìráàkì òde òní. Lára àwọn ìtàn tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tí ẹ̀dá ènìyàn kọ sílẹ̀ ni. Orí wàláà amọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ó sì sọnù fún ẹgbẹ̀rún ọdún méjì kí wọ́n tó hú u jáde ní Nínéfè ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Picard bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn: “Gilgamesh, ọba, ní Uruk.” Ọba náà ń dá àwọn ènìyàn rẹ̀ lóró, wọ́n ké pé kí wọ́n rán ẹnìkejì sí i. Enkidu ti inú igbó wá. Wọ́n jà, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Wọ́n jọ lọ kojú akọ màlúù ọ̀run, Enkidu di ìrù rẹ̀ mú, Gilgamesh ṣá a. Dathon rẹ́rìn-ín, ó tún orúkọ náà pè. Lẹ́yìn náà, àwọn òrìṣà mú Enkidu, Gilgamesh sì sunkún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá a la ewu kọjá, tí kò ní í padà mọ́.

Picard gé ìtàn náà kúrú. Nínú wàláà, àìsàn ni Enkidu fi kú, fún ọjọ́ púpọ̀, ó sì ń bínú. Mi ò bá a wí. Ẹni tó ń kú lọ níwájú rẹ̀, kò sí àkókò fún gbogbo rẹ̀. Ó mú èyí tó bá wọn mu: àjèjì méjì, ẹranko kan, ikú ẹnì kan. Bí ó ṣe ń parí rẹ̀ ni Dathon lọ. Paul Winfield ló ṣe Dathon. Lábẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lójú, ẹ máa rí i bó ṣe ń tẹ́tí sí ìtàn ìkẹyìn tó máa gbọ́. Ìyá mi bú sẹ́kún níbẹ̀. Èmi náà ò jìnnà sí i.

Àwọn kan ti bi mí ní ìbéèrè méjì tó mọ́gbọ́n wá. Èkíní: bí ìtàn nìkan ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ìtàn ọ̀hún fún ọmọ wọn? Eré náà ò dáhùn rẹ̀ tààrà, ṣùgbọ́n Dathon fi hàn wá. Nígbà tó ń sọ ti Darmok, ó tò ó ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, “Darmok lórí òkun”, “Jalad lórí òkun”, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ń sọ̀rọ̀. Ó ṣeé sọ, bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá ní sùúrù. Ọmọ sì lè mọ gbólóhùn kí ó tó mọ ìtàn. Orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ọmọ Ọ̀fà ti kọ́kọ́ máa ń gbọ́ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ó ti mọ̀ ọ́n tán kí ó tó dàgbà débi tó máa béèrè pé ta ló bá ta jà.

Ìkejì: báwo ni irú èdè yìí ṣe lè kan ọkọ̀ òfuurufú, níbi tí nọ́ńbà àti ìwọ̀n ti ń ṣe pàtàkì? Èyí le jù, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni èdè náà ti fẹ́ẹ́ já. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì èyíkéyìí, kí ẹ dúró díẹ̀. Ọ̀gá á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, á ní, “Ti mọ́tò Alhaji ọjọ́sí ni.” Ọmọ iṣẹ́ á ti dìde, á lọ mú irinṣẹ́ tó yẹ, kò sí ẹni tó dárúkọ nǹkan tó bàjẹ́. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Alhaji ò lè mọ̀. Bí gbogbo ìmọ̀ iṣẹ́ kan bá lè wọ inú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò dá mi lójú mọ́ pé ọkọ̀ ò lè fò pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti ohun tó ń lọ lójú ọ̀run, láàárín ọkọ̀ méjèèjì, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Òun ló rẹlẹ̀ jù nínú eré náà. Riker yìnbọn sí ohun tó ń dí ojú ọ̀run, wọ́n gba Picard padà, ọkọ̀ àwọn ará Tama sì kọjú ìjà sí wọn. Enterprise fẹ́ẹ́ parun. Ìgbà yẹn ni Picard sáré wọlé, aṣọ rẹ̀ ti ya, ó dojú kọ igbákejì Dathon lórí awò. Inú ọkùnrin náà ń ru: “Zinda! Ojú rẹ̀ dúdú, ẹyinjú rẹ̀ pupa!” Picard dá a lóhùn pé, “Odò Temarc, nígbà òtútù.” Gbogbo wọn dákẹ́.

Ẹ wo bí ó ṣe wá túfọ̀. Kò sọ pé ọ̀gá yín ti kú. Ó ní Darmok àti Jalad ní Tanagra, Darmok àti Jalad lórí òkun. Ọkùnrin náà ní, “Sokath, ojú rẹ̀ là!” Picard ní ẹranko tó wà ní Tanagra, Uzani, àwọn ọmọ ogun rẹ̀, Shaka, nígbà tí ògiri wó. A jọ kojú rẹ̀. A lo ọgbọ́n. Kò bọ́ sí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó lò, Dathon ló kọ́ ọ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, òun náà ló sì fi sọ ikú Dathon fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó fún wọn ní ìwé àkọsílẹ̀ Dathon. Ó na ọ̀bẹ náà sí wọn, “Temba, ó na apá méjèèjì”, wọ́n ní kó máa mú un lọ.

Igbákejì náà ló sọ gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni ò sọ rí kí ọjọ́ yẹn tó dé: “Picard àti Dathon ní El-Adrel.” Ó wọ inú èdè wọn lójú wa. Ọmọ Tama tí wọ́n bá bí lọ́la lè sọ ọ́ fún ẹnìkejì rẹ̀, kó yé e. Wọ́n ta ìgbòkun bíi Mirab, wọ́n lọ. Riker bi ọ̀gá rẹ̀ bóyá ọ̀rẹ́ tuntun ni wọ́n rí. Picard ní òun ò lè sọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀tá tuntun.

Mo nawọ́ mú rìmóòtù láti pa á. Ìyá mi ní kí n dúró. Wọ́n ní kí n dá a padà sẹ́yìn, sí ibi tí ọkùnrin yẹn ti ń ju igi iná.